Sinimá Sọ́ńdè kẹta: bí ẹ ṣe lè dá ìfihàn fíìmù oṣooṣù sílẹ̀ ní Àkúrẹ́

Iye tí wọ́n ń ta purojẹ́kítọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí tí wọ́n bá gbọ́ nípa sinimá kékeré tí mò ń ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n fi purojẹ́kítọ̀ sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ mú kàlẹ́ńdà wá. Orí ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀ ni sinimá oṣooṣù dúró lé, àti orí ẹnì kan tó lè dìde níwájú ogún ènìyàn, kó sọ ìdí tí òun fi ní kí wọ́n wá wo fíìmù tí wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti ní méjèèjì yìí, ìyókù ṣeé yá.

Fíìmù tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tó wà ní ilé sinimá ńlá lọ́sẹ̀ yìí. Fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìlú yìí, ò bá láyé wà níbẹ̀, ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Màlì wà níbẹ̀, èyí tí kò lóhùn rárá láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà níbẹ̀, fíìmù kúkúrú tí ọmọ àdúgbò fi fóònù yà náà ò gbẹ́yìn. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Àwọn bàbá wa eléré ìtàgé alárìnjó, Ògúndé, Adé Love, Bàbá Sàlá, máa ń di fíìmù wọn sínú mọ́tò, wọ́n á gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, wọ́n á sì fi í han èrò fúnra wọn.

1. Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́

Ọjọ́ tó ṣófo kò pọ̀ ní Àkúrẹ́. Fráídè ni ìṣọ́ òru, Sátidé ni ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe, àárín ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Bíbélì, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù sì ni ìdúpẹ́ tí kì í tètè tán. Sọ́ńdè kẹta ni mo mú, ní ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán ti dà nígbà yẹn, oorun ọ̀sán ti dá lójú, ara a sì máa fẹ́ jáde fún wákàtí méjì kí Mọ́ńdè tó dé.

Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Lóṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sún ìfihàn síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan nítorí ayẹyẹ ẹbí. Ènìyàn mẹ́rìnlá wá ní Sọ́ńdè tó yẹ, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo ń bẹ àwọn kan nínú wọn títí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó tún dá mi lóhùn. Láti ìgbà náà, bí fíìmù tí mo ṣèlérí kò bá tíì dé, fíìmù kúkúrú mẹ́rin ni mo máa ń fi rọ́pò rẹ̀, n kì í ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo gbà kó yẹ ọjọ́ wa kò ju kónílé-ó-gbélé tàbí ìkéde láti ààfin Déjì lọ, bí irú ti ọdún Aheregbe tí ọjà àti ṣọ́ọ̀bù fi máa ń wà ní títì.

Àkókò náà gba ìrònú. Oòrùn máa ń wọ̀ níhìn-ín ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15 nínú oṣù Kọkànlá, ó sì máa ń tó aago méje nínú oṣù Keje. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́fà, mo máa ń sọ̀rọ̀ ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, fíìmù á bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fíìmù gbọ́dọ̀ parí ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, nítorí ẹni tó ń lọ sí Òkè Àró tàbí Ìjàpọ̀ gbọ́dọ̀ rí mọ́tò wọ̀ kí ojú pópó tó dá. Ìdí nìyí tí n kì í fi mú fíìmù tó ju ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ, bó ti wù kó dára tó.

2. Ibi tí ẹ ó lò

Ẹ má wá gbọ̀ngàn ńlá. Ogójì ènìyàn nínú yàrá tó gba ogójì dùn ju ogójì nínú gbọ̀ngàn tó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ. Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán ni tiwa. Ó gùn ní mítà 9, ó fẹ̀ ní mítà 6, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Ẹ má gba ibi tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹ má sì gba ibi tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé fi han àlejò.

Kó wà létí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà lálẹ́: itòsí Ọba Adésídà dára, Alágbàká dára, ẹnu ọ̀nà FUTA ní South Gate dára bó bá jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ ń fọkàn sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ dúró nínú yàrá náà ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìjọ kan bá wà lẹ́yìn ògiri tó ń fi sípíkà gbàdúrà, etí yín á gbọ́ ọ. Ẹ kò lè bá wọn jà, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá wọn jà. Ẹ wá ibòmíràn.

3. Yíyan fíìmù

Iṣẹ́ ibí yìí ló pọ̀ jù, òun náà ló sì dùn jù. Mo máa ń fi oṣù December to méjìlá sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Mo máa ń wo fíìmù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lémi nìkan, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹni tó dàgbà jù mí lọ tí kì í ṣe èrò fíìmù rárá. Bí ẹni náà bá dìde lọ pọnmi láàárín, mo máa ń kọ ìṣẹ́jú tó dìde sílẹ̀. Fíìmù tó ṣàjèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ fíìmù tó ń súni, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ méjèèjì kì í hàn sí ẹni tó ti fẹ́ràn fíìmù jù.

N kì í to fíìmù méjì tí ènìyàn á máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán, tẹ̀lé ara wọn. Nínú oṣù mẹ́ta, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ elédè Yorùbá. Ẹ wo ti ọjọ́ orí náà: àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà, NFVCB, máa ń fi àmì G, PG, 12, 15 tàbí 18 sára fíìmù. Ẹ kọ àmì yẹn gàdàgbà sára ìkéde yín, nítorí ìyá tó mú ọmọ ọdún méje wá ní Sọ́ńdè kò wá kí ojú tì í.

Ohun tó wúlò jù tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí n má kàn mú fíìmù, kí n mú ìdí. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Àjàní Ògún jáde, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Fọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì kópa nínú rẹ̀. Ó wà lára àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe. Ọdún yẹn kan náà ni Shaihu Umar jáde, fíìmù elédè Hausa tí Adamu Halilu darí, tí ìtàn rẹ̀ wá láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Wọ́n gbà pé Shaihu Umar ti sọnù pátápátá, àfi ìgbà tí wọ́n rí i nínú àkójọ fíìmù ìjọba ní Jos ní 2016, tí wọ́n sì tún un ṣe ní Jámánì. Ní Àkúrẹ́, ẹ lè sọ fún èrò pé: “Ọdún tí ìpínlẹ̀ wa dé ayé, ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn ń wò.” Ẹni tí wọ́n bí ní 1976 á wá nítorí ara rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba ní àkókò ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn á wá nítorí bàbá rẹ̀. Ó ti ní ìdí tó ń fà á kí ó tó mọ orúkọ fíìmù.

4. Gbígba àṣẹ

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, bí ogún ènìyàn péré tilẹ̀ ni ẹ fẹ́ pè. Gbogbo Yorùbá ló mọ ohun tó bá Bàbá Sàlá: kí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, tó lè mú owó rẹ̀ wálé, àwọn kan ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò tà káàkiri, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní kí n kàn “wa á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.”

Ìdáwó Netflix fún wíwò nínú ilé ni. DVD tí ẹ rà lọ́jà, fún ilé náà ni. Kí ẹ tó fi fíìmù han èrò, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbà. Ìwé tí mo máa ń kọ kò gùn, ẹ lè mú un bẹ́ẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Sinimá kékeré kan là ń ṣe ní Àkúrẹ́ ní Sọ́ńdè kẹta oṣooṣù, fún ènìyàn tí kò ju ogójì lọ. A fẹ́ fi fíìmù yín hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ báyìí. Ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ tiyín, a ó sì fi iye àwọn tó wá àti àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ kejì. A kò ní ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ wa lójú ẹ̀rí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó bá wù yín.”

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fíìmù kúkúrú máa ń dáhùn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìdílé àwọn àgbà tó ti kọjá lọ máa ń pẹ́, ó sì sàn kí ẹ lọ kí wọn lójúkojú. Ẹ mú ẹni tó bá wọn tan dání.

Ọ̀nà kejì ni fíìmù tí ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ (copyright) ti tán. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ orí fíìmù máa ń tán tí àádọ́ta ọdún bá kọjá sí òpin ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: fíìmù lè ti bọ́, kí orin tuntun tí wọ́n fi sí i lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ṣì ní olówó. Ọ̀rọ̀ orin yìí ló sún wa dé ìdí ìlù, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ kàn sí NFVCB fúnra wọn pẹ̀lú. Òfin tó dá wọn sílẹ̀ ní 1993 ló fi fíìmù tí wọ́n ń hàn ní gbangba àti ibi tí wọ́n ti ń hàn án sábẹ́ ìṣàkóso wọn. Ẹ kọ̀wé, ẹ ṣàlàyé bí ibi yín ṣe kéré tó, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn sínú fáìlì.

5. Aṣọ, àwòrán, ohùn

Ẹ má fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ṣe aṣọ sinimá. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́ kọjá sára ògiri ẹ̀yìn, ohun tí ẹ fowó rà á máa ṣòfò. Flex funfun tí àwọn tó ń tẹ báńà ń lò ni tèmi. Ẹ ní kí wọ́n gé e fún yín láìtẹ nǹkan kan sí i. Kó má ṣe jẹ́ èyí tó ń dán, torí èyí tó ń dán máa ń kọ mànà bíi dígí láàárín, ojú òṣèré á sì fọ́ funfun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ bọ́ síwájú. Bí ẹ bá rí ojú tọ́ọ̀ṣì náà kedere, kò nípọn tó.

Tiwa fẹ̀ ní mítà 2.5, ó ga ní mítà 1.4, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga sí ilẹ̀ ní mítà 1.3. Gèlè Sọ́ńdè ló mú ìkẹyìn yìí wá. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù ni orí èrò iwájú kọ́kọ́ máa ń bò, ẹni tó wà lẹ́yìn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ẹ to àga ní ìlà márùn-ún, mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí ẹ fi ọ̀nà sí àárín. Ẹ sún ìlà kejì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú olúkúlùkù lè gba àlàfo orí méjì kọjá. Àga àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ aṣọ ju mítà 2.8 lọ.

Ìwé tó bá purojẹ́kítọ̀ wá máa ń sọ throw ratio rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ìjìnnà rẹ̀ sí aṣọ fi jẹ́ ìbú àwòrán. Bó bá jẹ́ 1.5, ẹ fi sọ ìbú aṣọ di púpọ̀: 2.5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 3.75. Mítà 3.75 sí aṣọ ni ẹ ó gbé e sí, lórí tábìlì tó ga, ní ọ̀nà àárín àga. Ní ti agbára ìmọ́lẹ̀, ẹ má gba 9,000 lumens (lumens ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) tí wọ́n máa ń kọ sára páálí àwọn kékeré kan gbọ́. ANSI lumens, èyí tí wọ́n wọ̀n ní ìlànà, ni kí ẹ wá, 3,000 rẹ̀ sì tó fún yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé níhà ìwọ̀-oòrùn.

Èrò máa ń fojú fo àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tí wọn ò gbọ́ á lé wọn lọ sílé. Ẹ gbé sípíkà méjì sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, kí ó ga tó etí ẹni tó jókòó, kí ẹ dojú wọn kọ àárín. Ògiri símẹ́ǹtì máa ń dá ohùn padà gan-an, a sì fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ méjì kọ́ ògiri ẹ̀yìn, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn lójú ẹsẹ̀. Fún fíìmù Yorùbá àtijọ́, ẹ dín báàsì kù. Ohùn ènìyàn á jáde kúrò nínú ariwo.

Kí fíìmù wà nínú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ẹ má gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa WhatsApp àti gbogbo ohun tó lè yọjú. Mo máa ń lo VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí láptọ́ọ̀pù, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bá ń sáré ju ẹnu òṣèré lọ, mo lè tẹ H kó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bó bá ń pẹ́, mo tẹ G. Wáyà HDMI, èyí tó so láptọ́ọ̀pù mọ́ purojẹ́kítọ̀, tó bá ju mítà mẹ́wàá lọ máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo fíìmù náà tán látòkè délẹ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn gan-an kí ọjọ́ tó pé, nítorí fáìlì tó bàjẹ́ kì í sábà bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

6. Iná

Ìparí ọdún àkọ́kọ́ mi ni mo pàdánù gílóòbù purojẹ́kítọ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà kẹta, mo gbọ́ òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó, àwòrán sì di pọ́ńkì kó tó kú. Ẹ̀rọ onígílóòbù gbọ́dọ̀ rí fáànù rẹ̀ tutù lẹ́yìn tí ẹ bá pa á. Bí iná bá já lójijì, ooru á wà nínú rẹ̀, á sì máa jẹ gílóòbù náà díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, inverter ni purojẹ́kítọ̀, láptọ́ọ̀pù àti sípíkà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yálà iná wà tàbí kò sí. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí. Purojẹ́kítọ̀ wa ń jẹ nǹkan bí 280 watt, láptọ́ọ̀pù 65, sípíkà 150. Ó sún mọ́ 500. Bátìrì 12 volt oní-200Ah ní 2,400 watt-wákàtí nínú lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò fẹ́ kí ẹ lò ó ju ìdajì lọ, ìyẹn 1,200. Ẹ yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, ó kù díẹ̀ sí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fíìmù ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà sì wọ inú rẹ̀. Fáànù kò wọ inú rẹ̀. Orí jẹnẹrétọ̀ ni fáànù wà.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá tó mítà 15, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ padà sí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Gáàsì tó ń pa ènìyàn nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè kìlọ̀.

7. Fíìmù tí kò lóhùn, pẹ̀lú dùndún àti ògbufọ̀

Bí ẹ bá máa mú ìmọ̀ràn mi kan ṣoṣo, ẹ mú èyí. Ẹ fi ọjọ́ kan nínú ọdún ṣe fíìmù aláìlóhùn.

Mo ti sọ pé orin tuntun lórí fíìmù àtijọ́ lè ní olówó. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ pa ohùn náà, kí ẹ pe onílù. Fíìmù tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni Nosferatu, ìtàn ẹ̀mí burúkú kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922. Ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí gbígba àṣẹ: wọ́n mú un láti inú ìwé Dracula láìtọrọ, ìyàwó ẹni tó kọ ìwé náà gbé wọn lọ ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà jẹ́. Àwọn kan bọ́. Òun ni a ṣe ń rí i wò.

Fíìmù aláìlóhùn máa ń fi káàdì ọ̀rọ̀ hàn láàárín àwòrán, ibẹ̀ sì ni ògbufọ̀ ti wọlé. Nígbà tí fíìmù ò tíì lóhùn, ní Japan, ẹnì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó ń sọ ìtàn fún èrò. Benshi ni wọ́n ń pè é. Títí di òní ní Uganda, àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ ń fi èdè Luganda sọ fíìmù òkèèrè fún èrò bó ṣe ń lọ. Àwa náà ní tiwa, inú ìjọ ló wà. Kò sí àdúgbò ní Àkúrẹ́ tí kò ní ẹnì kan tó lè dúró ti oníwàásù, kó gba gbólóhùn lẹ́nu rẹ̀, kó dá a padà ní Yorùbá pẹ̀lú iná kan náà. Irú ẹni yẹn ni kí ẹ wá. Ẹ kọ gbogbo káàdì fíìmù náà sílẹ̀ ní Yorùbá fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún wọn sọ.

Onílù náà gbọ́dọ̀ rí fíìmù lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Ẹ fi sórí fóònù rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ pín fíìmù sí apá mẹ́fà tàbí méje, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ìlù tí apá kọ̀ọ̀kan ń fẹ́: ibi ìrìn, ibi ìdágbére, ibi òkun, ibi ikú. Ẹ fẹnu kò ní pàtàkì lórí ibi tí kò ti ní lù rárá. Àwọn onílù wa kì í fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ti mọ́ra wọn sí ibi àríyá tí ìlù kì í ti í dá, nítorí náà ẹ tètè bá wọn sọ ọ́. Ẹ fi onílù sí apá òsì aṣọ, kí ojú rẹ̀ rí àwòrán láìyí ọrùn. Ìlù kò nílò máíkì nínú yàrá mítà 9, ògbufọ̀ nìkan ló nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ àkókò òjò, awọ á rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí onílù tètè dé kó lè yá ìlù rẹ̀ nítòsí iná.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí òjìji ẹ̀mí burúkú yẹn ń gun àtẹ̀gùn lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ gùn, èékánná rẹ̀ gùn, kò sí ara, òjìji nìkan. Onílù wa ti ń fi ìlù bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, pẹ́rẹ́, pẹ́rẹ́, ó ń fún ọṣán díẹ̀díẹ̀ kí ohùn máa ga. Nígbà tí òjìji yẹn dé òkè, ó gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ògbufọ̀ náà dákẹ́. Ohun tí mo ń gbọ́ kò ju fáànù purojẹ́kítọ̀ lọ, àti àga rọ́bà kan tó dún nígbà tí màmá kan ní ìlà kejì di apá rẹ̀ mú. Òjìji ọwọ́ náà nà sí ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹgọ́ bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo yàrá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà wọ́n ń mí kíkan. Fíìmù tí kò lóhùn láti 1922, ní Àkúrẹ́, ẹ̀rín ẹ̀rù ń sọ ní gbogbo ìlà. Mo ti wo fíìmù yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ṣáájú ọjọ́ náà, n kò mọ̀ pé ibẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀.

8. Owó

Ẹ fi ènìyàn 25 ṣírò, ẹ má fi 40. Ká ní yàrá gba ₦15,000, àga ₦6,000, epo ₦5,000, ẹni tó ni fíìmù ₦20,000, ohun kéékèèké ₦4,000. Ó jẹ́ ₦50,000. Bí 25 bá pín in, ₦2,000 ni olúkúlùkù. Ẹ fi iye tí ọjà ń sọ lọ́jọ́ tiyín rọ́pò iye tèmi, ọ̀nà ìṣirò ni kí ẹ mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san ìdajì lọ́dọ̀ wa, èrò tó bá sì ju 25 lọ ló ń gbé ìdajì yẹn. Ẹni tó ń ta gúgúrú àti sóbò lẹ́nu ọ̀nà kì í san kọ́bọ̀ fún wa. Kó máa wá lóṣooṣù ló ṣe pàtàkì, àwọn kan ti wá nítorí gúgúrú rẹ̀, wọ́n sì wọlé.

Ìkéde kò gba owó púpọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àti bébà kan ṣoṣo ní ilé ìtẹ̀wé ẹnu ọ̀nà FUTA. Ẹ kọ ìdí sókè, kí ẹ kọ orúkọ fíìmù sísàlẹ̀.

9. Ọjọ́ náà

Ẹ dé ní aago mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ ta aṣọ, lẹ́yìn náà ẹ tan àwòrán, kí ẹ tó to àga, nítorí àga ló ń tẹ̀lé aṣọ.

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà fúnra yín. Ẹ kí olúkúlùkù, “ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ káàbọ̀,” kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Àgbà tó bá wọlé, ẹ mú un lọ sí ìlà kejì, kì í ṣe àkọ́kọ́, ọrùn á ro ó níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yín kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ sọ ẹni tó ṣe fíìmù náà, ìgbà tó ṣe é, ohun kan tí kí wọ́n máa fojú sí, àti ìdí tí ẹ fi mú un. Ẹ má sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn bí ibì kan nínú rẹ̀ bá le tàbí bó bá lọ́ra, kí wọ́n má rò pé àwọn ni kò lóye. Mo máa ń sọ ọ́ gbangba pé, “Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ á lọ́ra. Ẹ bá mi ní sùúrù dé ibi odò.” Wọ́n máa ń ní in.

Bó bá tán, ẹ má tan iná kíákíá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn tó ṣe é kọjá tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bi èrò ní ìbéèrè kan péré, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kéré jù nínú yàrá kọ́kọ́ dáhùn. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé ò ní sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó dìde, ẹ dárúkọ fíìmù oṣù tó ń bọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ iye tó wá, iye owó, ohun tó bàjẹ́ àti ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan sọ sínú ìwé ní alẹ́ yẹn, kí oorun tó gbé e lọ. Ẹ fi owó ẹni tó ni fíìmù ránṣẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí fáànù purojẹ́kítọ̀ dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó yọ wáyà. Ẹ sì ká flex náà yí igi gígùn kan, kí funfun rẹ̀ wà lóde. Ẹ má ṣẹ́ ẹ pọ̀ bí aṣọ, nítorí ibi tó bá ṣẹ́, ìlà rẹ̀ á wà lójú òṣèré ní Sọ́ńdè kẹta oṣù tó ń bọ̀.